Ta Ni Yóò Ru Ẹrù Ìmọ̀ràn?

A kò fẹ́ jiyàn níhìn-ín bóyá ọgbọ́n àtọwọ́dá wúlò fún iṣẹ́ oko. Ó wúlò. Ètò fóònù kan wà tí à ń pè ní PlantVillage Nuru, èyí tí Yunifásítì Penn State ní Amẹ́ríkà ṣe pẹ̀lú IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó fìdí kalẹ̀ sí Ìbàdàn tó sì ní ẹ̀ka ní Abomey-Calavi. Bí àgbẹ̀ bá na ojú fóònù rẹ̀ sí ewé ẹ̀gẹ́, ètò náà yóò sọ fún un bóyá àrùn mòsáíkì ló ń ba ewé náà jẹ́, àní níbi tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní abúlé tí òṣìṣẹ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn kì í sábà dé, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré.

Ohun tí à ń bi ara wa ni pé, kí ni ó ń sọ ọ̀rọ̀ di ìmọ̀ràn?

Ẹ jẹ́ kí a fi opó kan ṣe àpẹẹrẹ, tó ń dá oko ẹ̀gẹ́ lórí ilẹ̀ àyálò lẹ́bàá Kétu. Mòsáíkì ti mú ìdajì oko náà. Ohun tí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn yóò sọ fún un ni pé kí ó fa àwọn tó ń ṣàìsàn tu, kí ó má sì gé igi wọn gbìn lọ́dún tí ń bọ̀. Òtítọ́ ni: kòkòrò funfun kéékèèké tí ń gbé abẹ́ ewé a máa kó àrùn náà láti ara ẹ̀gẹ́ kan dé òmíràn, igi tí a bá sì gé lára èyí tó lárùn a máa gbé àrùn lọ sí ebè tuntun. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ tó ní mòsáíkì ṣì ń ta díẹ̀, gàrí inú díẹ̀ yẹn sì ni owó ilé ìwé àwọn ọmọ. Bí ó bá fà á tu, ebi ń bọ̀. Bí ó bá fi í sílẹ̀, oko aládùúgbò wà nínú ewu. Ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ewé, ó ti di ti gbèsè tí ènìyàn jẹ ẹnì kejì rẹ̀.

Ẹnìkan lè dá wa lóhùn pé kí a sọ gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀rọ náà: gbèsè, aládùúgbò, àní ẹ̀kan tó bo igun oko, tí àgbà yóò rí tí yóò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣá. Ẹ̀rọ yóò ṣírò rẹ̀. A gbà bẹ́ẹ̀. Irú ààlà yẹn ń sún síwájú lọ́dọọdún.

Ààlà kan wà tí kò sún. Àgbà tó gba opó yẹn nímọ̀ràn yóò wà lábúlé nígbà ìkórè. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá kùnà, ojú yóò tì í. Bóyá yóò gé igi ẹ̀gẹ́ fún un láti inú oko tirẹ̀. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, wọn kò ní tètè gba ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò ló kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àwòrán kòtò tí àwọn ẹlòmíràn jìn sí, lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún, ni a fi kọ́ ẹ̀rọ. Òun fúnra rẹ̀ kò jìn sí ọ̀kan rí. Àwọn tó sì ṣe é, tí à bá bi léèrè, jìnnà sí Kétu.

A kò sọ pé àgbà kì í ṣìnà. Ní 2016, nígbà tí kòkòrò tí àwọn Faransé ń pè ní chenille légionnaire d'automne kọ́kọ́ hàn nínú oko àgbàdo ní Benin, Tógò àti Nàìjíríà, ọgbọ́n tí a jogún kò mọ̀ ọ́n, nítorí láti apá Amẹ́ríkà ló ti wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ pàápàá kò lè dá ohun tí a kò tíì fi hàn án mọ̀. Ènìyàn ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú oko, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣa kòkòrò, tí àwọn mìíràn ń da eérú tàbí yanrìn sí ọkàn àgbàdo. Lẹ́yìn náà ni a tó kọ́ Nuru láti dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ̀.

Nítorí náà, kí ẹ̀rọ jẹ́ ojú kejì fún àgbẹ̀. Kí a má fi ìpinnu lé e lọ́wọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ó padà sí oko òbí yín nígbà ìsinmi, ẹ mú fóònù yín dání. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó jẹ́ iṣẹ́ tó bá rán yín fún bàbá tàbí ìyá yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn pé ta ló ń dá oko ẹ̀gbẹ́ wọn, kí ni wọ́n gbìn síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, àti kí ni wọn yóò jẹ bí wọ́n bá fa ti ọdún yìí tu.