Iṣẹ́ Ẹrú àti Iṣẹ́ Ọmọ: Ẹ̀kọ́ Nípa Íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin ará, bí ọ̀rọ̀ kan bá dé sórí fóònù yín lóru, tí ó ní kí ẹ fi òun ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí ẹ fẹ́ràn, tí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọkàn rere; bí ọ̀rọ̀ náà bá wá já sí irọ́, tí ó sì pa ẹnì kan lára, ta ni ó jẹ̀bi? Ṣé ẹni tí ó pilẹ̀ irọ́ náà nìkan ni, tàbí ẹ̀yin náà ní ìpín níbẹ̀? Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́.

1. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀

Íntánẹ́ẹ̀tì ni ìsopọ̀ àwọn kọ̀ǹpútà káàkiri ayé, tí ọ̀kan fi lè bá èkejì sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹ̀, owó ilé iṣẹ́ ètò ààbò ìjọba ibẹ̀ ni a sì fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 1969, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní yunifásítì kan ní Los Angeles fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan, “login”, ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà mìíràn tí ó jìnnà sí i. Lẹ́tà méjì péré, “l” àti “o”, ni ó dé ibẹ̀ kí ẹ̀rọ tó dákú. Wọ́n tún un gbìyànjú ní alẹ́ ọjọ́ kan náà, ó sì bọ́ sí i. Ní ọdún 1974, Vint Cerf àti Bob Kahn tẹ ìlànà kan jáde tí ó mú kí onírúurú ẹ̀rọ lè gbọ́ ara wọn yé. Ní ọdún 1989, Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Switzerland, dábàá ètò tí a fi ń ṣí ojú ewé kan láti inú òmíràn. Ní ọdún 1993, ibi iṣẹ́ rẹ̀ yọ̀ǹda ètò náà fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́.

2. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́

Bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, a ó gé e sí wẹ́wẹ́, a ó sì kọ àdírẹ́sì ibi tí ó ń lọ sí ara ègé kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ kan a gbé e fún èkejì, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi dé, tí a ó sì tún un tò pọ̀. Nípa èyí ni ìyá àgbà tí ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ fi ń rí ojú ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí a bí sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i: àwọn ẹ̀rọ tí ó wà lójú ọ̀nà kì í bèèrè bóyá òtítọ́ tàbí irọ́ ni àwọn rù. Àdírẹ́sì ni wọ́n ń wò. Ìfòyemọ̀ kù sọ́wọ́ ẹni tí ó ránṣẹ́ àti ẹni tí ó gbà á.

3. Ọ̀rọ̀ omi iyọ̀

Ní oṣù keje ọdún 2014, àrùn Ebola wọ Èkó. Ní oṣù kẹjọ, ọ̀rọ̀ kan ń fò láti fóònù dé fóònù pé kí olúkúlùkù fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ó sì mu nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn jí ọmọ wọn lójú oorun láti ṣe é. Àwọn ìwé ìròyìn jábọ̀ pé ènìyàn méjì kú nítorí rẹ̀, a sì gbé àwọn mìíràn lọ sí ilé ìwòsàn. Kì í ṣe iyọ̀ ni ó lé Ebola lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá àwọn tí ó ti fara kan aláìsàn rí láti ilé dé ilé, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti kúrò ní Nàìjíríà.

4. Ìdájọ́ wa

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó tan ọ̀rọ̀ omi iyọ̀ kálẹ̀ kì í ṣe ènìyàn búburú. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn kan yóò wí pé a kì í dá oníṣẹ́ lẹ́bi. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wí pé, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ ń jẹ́ iṣẹ́ bí ẹrú, nítorí kò ní ọgbọ́n inú. Àwa ní in. Ẹ sì rò ó wò: ọ̀rẹ́ yín kì yóò mu omi iyọ̀ nítorí ọ̀rọ̀ àjèjì. Ó mu ún nítorí pé ọ̀dọ̀ yín ni ó ti wá. Orúkọ yín ni irọ́ náà gùn bí ẹṣin wọ ilé rẹ̀. Nítorí náà, a ní ìpín níbẹ̀, bí kò tilẹ̀ tó ti ẹni tí ó pilẹ̀ irọ́.

Ẹnì kan lè bèèrè pé, “Bí ó bá jẹ́ òtítọ́ ńkọ́, tí ìdádúró mi sì pa ènìyàn?” Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n fóònù tí a fi ń tan ọ̀rọ̀ kálẹ̀ náà ni a lè fi pe nọ́ọ̀sì tí a mọ̀. Bí a kò bá rí ẹni bèèrè, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ gbangba pé a kò tíì mọ òótọ́ rẹ̀. Bí a bá sì ti ṣìṣe, kí a fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí a fi irọ́ náà ránṣẹ́ sí, bí ojú tilẹ̀ ń tì wá.

Ìbéèrè fún ìjíròrò
1. Ṣé ọkàn rere tó láti mú ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ẹni tí ó tan irọ́ kálẹ̀?
2. Èwo ni ó nira jù fún yín: láti bèèrè kí ẹ tó ránṣẹ́, tàbí láti jẹ́wọ́ lẹ́yìn tí ẹ ti ṣìṣe? Kí ni ìdí rẹ̀?
3. Báwo ni ẹ ó ṣe bá àgbàlagbà tí ó fi ọ̀rọ̀ irọ́ ránṣẹ́ sí yín sọ̀rọ̀, láìtàbùkù rẹ̀?