Ihò Ara Tákàdá

Ọkùnrin mẹ́fà ló wà nínú fọ́tò náà. Mẹ́rin dúró, méjì jókòó síwájú wọn, oníkálukú mú ohun èlò orin rẹ̀ dání. Ọ̀kan nínú àwọn tó dúró gbé fèrè onídẹ kékeré dání. Buddy Bolden nìyẹn, ará New Orleans, ẹni tí ọ̀pọ̀ gbà pé òun ló ṣíwájú nínú orin tí ayé wá ń pè ní jazz. Fọ́tò rẹ̀ kan ṣoṣo tí ayé mọ̀ nìyí, ó sì ti ṣá. Mo máa ń wò ó pẹ́. Àwọn tó ń tọpa ìtàn orin Amẹ́ríkà ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀: bí a bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, àwọn kan nínú wọn á dà bí ọlọ́wọ́ òsì; bí a bá yí i padà, àwọn mìíràn ló wá ń dà bí ọlọ́wọ́ òsì. Àwọn tí èrò ń tú jáde wá jó sí orin wọn ní nǹkan bí ọdún 1900, a ò mọ ọ̀tún wọn yàtọ̀ sí òsì wọn mọ́.

Èyí tó wá ń dùn mí jù ni pé fọ́tò náà dákẹ́. Kò sí àwo kankan tí fèrè Bolden wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní ó fun ún sínú ẹ̀rọ kan rí, irú èyí tó ń gba ìró sórí ìda. Wọ́n wá a títí, wọn ò rí i. Ní 1907, orí rẹ̀ ti dàrú, wọ́n mú un lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní Jackson, ní ìpínlẹ̀ Louisiana, ibẹ̀ ló sì wà títí tó fi kú ní 1931. Ọdún 24. Ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́wàá níbẹ̀ kí àwọn òyìnbó New Orleans kan tó wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀ ní New York, ní oṣù kejì ọdún 1917, tí àwo jazz àkọ́kọ́ fi jáde. Àwọn tó gbọ́ Bolden sọ pé fèrè rẹ̀ a máa dún gba ọ̀pọ̀ máìlì lálẹ́. Àwọn náà ti kú. Etí tó gbọ́ ọ pàápàá ti di erùpẹ̀.

Kí ni ìró? Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ọwọ́ tó kúrò lára ọwọ́, ó ti lọ, kò sì sí ẹni tó lè tọ́ka síbi tó gbà. Ìyá ìyá mi a máa kì mí láàárọ̀, kí n tó bọ́jú, nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù lábẹ́ ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ oríkì náà wà lórí mi dòní, mo lè kà á tán láìṣìnà, ṣùgbọ́n ohùn tó fi ń kì í ti lọ. Mo máa ń wá a lóru. Ohùn ara mi ni mo máa ń bá níbẹ̀.

Ti Scott Joplin, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń tẹ dùùrù, tó sì ń kọ orin fún un, yàtọ̀ sí ti Bolden díẹ̀, ìyàtọ̀ díẹ̀ yẹn ni mi ò sì lè gbé kúrò lọ́kàn. Òun náà kò ní àwo kankan. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1916, ọdún tó ṣáájú ikú rẹ̀, ó jókòó sídìí dùùrù kan tí wọ́n ṣe ní àkànṣe, ó tẹ̀ ẹ́, ìwé sì gba ibi tí ìka rẹ̀ gbà sílẹ̀. Báyìí ni wọ́n ń ṣe é: bí ìka bá ti kan dùùrù, ẹ̀rọ á sàmì sára tákàdá gígùn tó ń yí lọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n á lu ojú àmì wọ̀nyẹn ní ihò, àwọn kan kúrú, àwọn kan gùn. Ẹni tó bá ra tákàdá náà lọ sílé á fi sínú dùùrù tirẹ̀, á jókòó, á máa fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀ bí ẹni ń wa kẹ̀kẹ́ ìránṣọ. Ẹsẹ̀ ń fa atẹ́gùn, tákàdá ń yí. Ibi tí ihò bá dé ni atẹ́gùn ń gbà wọlé, ibi tó bá sì gbà wọlé ni òòlù kékeré inú dùùrù ti ń na okùn. Ojú dùùrù ń wọlé, ó ń jáde, funfun àti dúdú, kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀.

Mo ti gbìyànjú láti ro ohun tí tákàdá náà pa mọ́. Kò sí tàdáwà lójú rẹ̀ tó ń dún, kò sí ohùn nínú rẹ̀. Bí a bá gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á kàn gba inú ihò kọjá ni. Ibi tí kò sí nǹkan kan gan-an ni orin wà.

Ta ló ni ọwọ́ náà? Ọmọ ẹni tó ti ṣe ẹrú rí ni. Giles, bàbá rẹ̀, ń ta fáólìnì. Florence, ìyá rẹ̀, ń kọrin, ó ń ta báńjò, ó sì ń bá àwọn òyìnbó tún ilé ṣe ní Texarkana. Wọ́n ní nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, níbi tí ìyá ti ń nulẹ̀, ni ọmọ ti rí dùùrù fọwọ́ kàn. Ará Jámánì kan, Julius Weiss, kọ́ ọ ní orin àwọn ará Yúróòpù. Ohun tí ọmọ náà wá fi gbogbo rẹ̀ ṣe ni ragtime: ọwọ́ òsì ń rìn déédéé bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ, ọwọ́ ọ̀tún ń dé kí a tó retí rẹ̀, tàbí lẹ́yìn tí a ti retí rẹ̀ tán. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1899, ní Sedalia, ìpínlẹ̀ Missouri, òun àti John Stark tó ń ta ìwé orin tọwọ́ bọ̀wé lórí Maple Leaf Rag. Sẹ́ǹtì kan ni wọn yóò máa san fún un lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Orin yẹn ló sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n mọ̀ káàkiri, orin yẹn náà ló sì tún tẹ̀ nígbà tí agbára ń tán.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló tẹ̀ ẹ́ sórí tákàdá lọ́dún 1916. Ti oṣù kẹrin, tó ṣe fún ilé-iṣẹ́ Connorized, tẹ́jú, ó mọ́, kò sí ibi tí èèyàn máa fi ẹsẹ̀ gbún. Ti oṣù kẹfà, tó ṣe fún Uni-Record, nǹkan mìíràn ni. Lórí fóònù ni mo ti ń gbọ́ ọ, lóru, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá ti dákẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ òsì kọsẹ̀, ó gbìyànjú láti bá ara rẹ̀, ó sáré díẹ̀, ó fa sẹ́yìn, ìró kan tí ẹnikẹ́ni kò ránṣẹ́ sí sì já sáàárín. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé òpin, kò sì dúró. Àìsàn tó ti ara gun orí rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1917 ni wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ward's Island, ní New York, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin ló sì kú níbẹ̀.

Àwọn kan ní àìsàn náà ni à ń gbọ́ nínú ti oṣù kẹfà. Àwọn mìíràn ní ọwọ́ òṣìṣẹ́ ló tún ti oṣù kẹrin ṣe, tí wọ́n dí ihò tí kò yẹ, tí wọ́n lu èyí tó yẹ, pé ti oṣù kẹfà ni wọ́n fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó lè jẹ́ méjèèjì. Èmi ò lè ṣèdájọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń ṣe mí bí mo bá ń gbọ́ ọ. Èyí tó mọ́ nì, mi ò mọ ẹni tí mò ń bá pàdé níbẹ̀, bóyá Joplin ni, bóyá ẹnì kan tó jókòó sí tábìlì ní ilé-iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jókòó fara balẹ̀ lu irú ìkọsẹ̀ yẹn sára tákàdá? Ẹni tó ni ín ló ni ín. Bí mo bá gbé ọwọ́ lé àyà mi nígbà tí orin náà ń lọ, mo máa ń gbọ́ pé ọkàn tèmi náà kì í lù déédéé, pé ó máa ń fo ẹyọ kan nígbà mìíràn kó tó padà. Ẹ̀rù máa ń bà mí díẹ̀. Lẹ́yìn náà, inú mi á dùn, lọ́nà tí mi ò lè ṣàlàyé, pé èmi pẹ̀lú òkú yìí wà nínú yàrá kan náà.

Louis Chauvin kò rí tákàdá kankan bá pàdé. Ọmọ St. Louis ni, wọ́n ní kò sẹ́ni tó lè bá a du dùùrù níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í kọ orin rẹ̀ sílẹ̀. Joplin ló fetí sí i, tó kọ apá méjì tí Chauvin tẹ̀, tó fi apá méjì tirẹ̀ kún un, tí wọ́n fi tẹ Heliotrope Bouquet jáde ní 1907. Ní ọdún kejì Chauvin kú ní Chicago, kò tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Apá méjì orin, ojú ewé díẹ̀, nítorí pé ẹnì kan wà nítòsí tó mú kálámù. Mo máa ń ro iye àwọn tí kálámù kò sí nítòsí wọn. Mi ò máa rò ó pẹ́, nítorí ìrònú náà kò ní ìsàlẹ̀.

Joplin fúnra rẹ̀ pàdánù. Eré olórin tó kọ ní 1903, A Guest of Honor, ti sọnù pátápátá. Ó tún kọ òmíràn, Treemonisha, ìtàn ọmọbìnrin kan tí wọ́n rí he lábẹ́ igi, tó dàgbà tó mọ̀wé, tó sì di olórí àwọn èèyàn rẹ̀. Ó tó ojú ewé 230, owó ara rẹ̀ ló sì fi tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1911. Ní 1915, ní Harlem, wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan fún àwọn tó wá gbọ́, láìsí aṣọ eré, láìsí ẹgbẹ́ onílù àti onífèrè; Joplin nìkan ló wà nídìí dùùrù. Kò wọ̀ wọ́n létí. Ọdún 1972 ló tó di pé wọ́n ṣe eré náà ní kíkún, ní Atlanta, wọ́n sì fi ẹ̀bùn Pulitzer dá a lọ́lá ní 1976. Mo máa ń bi ara mi léèrè ta ni wọ́n gbé ẹ̀bùn náà fún. Ṣé ibì kan wà tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ń dé? Àwọn bàbá mi ní ìdáhùn sí i, àwọn àlùfáà ní tiwọn, mo sì ti gbọ́ méjèèjì. Lóru, nígbà tí tákàdá ń yí, ìbéèrè náà ṣì máa ń wà níbi tó wà.

Ọkùnrin kan wà ní New York láyé ìgbà kan náà, Charles Ives, tó ń ṣe iṣẹ́ adójútòfò lọ́sàn-án, tó ń kọ orin nígbà tó bá dé ilé. Ní 1908 ó kọ orin kúkúrú kan tó pè ní The Unanswered Question. Àwọn okùn gòjé ń dún wẹ́rẹ́ nísàlẹ̀, wọn ò yí padà, bí ojú ọ̀run alẹ́ kì í ti í yí padà fún ẹnikẹ́ni. Fèrè onídẹ kan béèrè nǹkan. Àwọn fèrè mìíràn dáhùn. Ó tún béèrè, ohun kan náà gẹ́lẹ́. Wọ́n tún dáhùn, wọ́n ń yára sí i, wọ́n ń bínú sí i, títí wọ́n fi ń pariwo lé ara wọn lórí. Ní ìgbà keje, fèrè náà béèrè, kò sì sí ẹni tó dá a lóhùn mọ́. Gòjé ṣì ń lọ. Ọdún 1946 ni àwùjọ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mo fẹ́ràn Ives pé kò ṣe bí ẹni tó mọ̀.

Ní Queens, ní ibi ìsìnkú St. Michael's, ni wọ́n sin Joplin sí, láìkọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Fún ọdún 57, ẹni tó bá kọjá lórí koríko náà kò lè mọ ẹni tó ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní 1974 ni wọ́n tó fi àmì sí i, nígbà tí fíìmù The Sting ti gbé orin rẹ̀ dé etí àwọn tí a kò tí ì bí nígbà tó kú. Nígbà tó wà láàyè, ó máa ń tẹ ìkìlọ̀ sórí àwọn ìwé orin rẹ̀ pé kí wọ́n má fi eré sísá tẹ̀ ẹ́, pé kò sí ìgbà kankan tó tọ́ láti sáré ragtime. Ayé sáré tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀síbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ Joplin, ẹ wá ti oṣù kẹfà ọdún 1916 kí ẹ tó wá ti ẹlòmíràn kankan. Kò gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹ jókòó tì í títí yóò fi parí, ẹ má sì bá a tún ibi tó ti kọsẹ̀ ṣe lọ́kàn yín.