Ìhàlẹ̀ Tàbí Ìkìlọ̀?

Kà: Éfésù 6:5-9

Olùfẹ́, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà, threat. Ọlọ́ṣà tó yọ ìbọn, threat ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru tó lè gba ẹ̀mí, threat náà ni. Èdè tiwa kì í pa wọ́n pọ̀: àìsàn léwu, ènìyàn ló ń halẹ̀.

Ìgbìmọ̀ tó halẹ̀ mọ́ Pétérù àti Jòhánù nínú Ìṣe 4 kò kìlọ̀ ewu kankan fún wọn. Àwọn gan-an ni ewu náà. Àwọn ló ní kí a na àwọn àpọ́sítélì ní orí 5.

Pọ́ọ̀lù ní kí àwọn ọ̀gá jáwọ́ nínú ìhàlẹ̀. Kò yọ ọ̀gá tí ìbínú rẹ̀ tọ́ sílẹ̀. A ó ní, “Mo kàn kìlọ̀ fún un ni.” “Ọ̀bẹ yẹn mú, rọra,” ìkìlọ̀ nìyẹn. “Bí o bá tún fọ́ àwo, abúlé yá!” Ta ni yóò dá a padà sí abúlé? Ìwọ ni. Bóyá ọmọ ọ̀dọ̀ náà jókòó nínú àdúrà òwúrọ̀ yìí pẹ̀lú rẹ.

Àdúrà: Baba, kọ́ mi ní ohun tí n ó kọ́kọ́ sọ fún un lónìí, ní orúkọ Jésù.