Ìbéèrè Tí Othello Kò Bi Aya Rẹ̀

Láàárín ọdún 2016 sí 2020, Othello tí William Shakespeare kọ wà lára ìwé tí àwọn ọmọ wa kà fún ìdánwò WAEC. Ọmọ Agége mọ̀ ọ́n, ọmọ Ògbà mọ̀ ọ́n: ọ̀gágun aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ àjèjì ní Venice, Desdemona aya rẹ̀, àti Iago, ọmọ abẹ́ rẹ̀, tó purọ́ títí ọkọ fi sé èémí mọ́ ìyàwó nínú. Bí o bá bi wọ́n pé ta ló jẹ̀bi, Iago ni wọ́n á dárúkọ. Ìkà ni Iago lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìwà ẹni tó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ ló ká mi lára jù, nítorí láàárín wa, ẹni tó ń fetí sí àhesọ pọ̀ gan-an ju ẹni tó ń dá a sílẹ̀.

Apá kẹta, ìran kẹta, ni gbogbo nǹkan ti dojú rú. Ìlà tó lé ní 400 ni, ilẹ̀ kò sì ṣú láàárín rẹ̀. Othello wọlé tòun ti ìfẹ́ aya rẹ̀ lọ́kàn. Kí ìran náà tó parí, ó ti kúnlẹ̀ búra ẹ̀san. Iago kò sì mú ẹ̀rí kankan dání nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ó rí Cassio, igbákejì Othello, tó ń kúrò lọ́dọ̀ Desdemona, ó kùn. Ọ̀gá rẹ̀ ní kí ló wí, ó ní kò sí nǹkan. Bó ṣe ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ ni Othello ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ọ́.

Ta ni kò mọ ohùn yẹn ní Agége? "Mi ò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ yín o." "Ẹ má ní èmi ni mo sọ ọ́ o." Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ti ń dìde ní Ìkẹjà, nígbà tí ìlú náà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Guinness ṣí ilé ọtí rẹ̀ níbẹ̀ ní 1962, ni àjèjì ti ń bá àjèjì gbélé ní àdúgbò wa. Ọkọ wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ ní Ọba Akran, ìyàwó ti jáde lọ sọ́jà kó tó dé. Àwọn tí wọ́n jọ ń lo kíṣìnnì kan ló mọ ẹni tó wá, ẹni tó lọ. Ẹni tí kò sí nílé kò ní ju ohun tí wọ́n bá sọ fún un.

Nítorí náà, bí àwọn ọ̀dọ́ bá fẹ́ ṣe ìran yìí, ì báà jẹ́ ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé tàbí ní Lagos Theatre tí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ́ sí Oregun, kí Iago má ṣe rẹ́rìn-ín ìkà, kó má ṣejú bí ọ̀daràn inú fíìmù. Olóòótọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn inú eré náà ń pè é. Bí ojú rẹ̀ bá ti jọ ti òpùrọ́, Othello á dà bí òmùgọ̀, àwọn tó wá wòran á sì padà sílé pẹ̀lú ìdánilójú pé irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ sí àwọn láé. Kí Iago jẹ́ ọ̀rẹ́ tí àánú ń ṣe.

Ibi tí mo fẹ́ kí olùdarí dúró sí pẹ́ ni ìgbà tí Desdemona wọlé. Oúnjẹ ti délẹ̀, àlejò ń dúró, ó wá pe ọkọ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn pé ó ń yan Cassio lálè nìyí, ojú ko ojú, ẹlòmíràn tó wà níbẹ̀ kò ju Emilia, ìyàwó Iago, lọ. Kí ni Othello sọ? Ó ní orí ń fọ́ òun. Ẹnu tí ì bá fi bi aya rẹ̀ léèrè ló fi sọ̀rọ̀ orí fífọ́. Kí òṣèré dákẹ́ kó tó sọ ọ́, kí ìdákẹ́ náà gùn débi tí ará yóò fi máa ni àwọn tó jókòó.

Ibi tí Desdemona ti ń kẹ́ ọkọ rẹ̀ ni áńkáṣíìfù rẹ̀ ti bọ́. Desdemona fẹ́ fi di orí ọkọ rẹ̀ ni. Nínú ìtàn Cinthio ará Itali, tó jáde ní 1565, tí Shakespeare ti mú eré yìí, ọwọ́ òpùrọ́ náà fúnra rẹ̀ ló jí áńkáṣíìfù lára obìnrin náà nígbà tí obìnrin náà gbé ọmọ òpùrọ́ náà mọ́ra. Shakespeare yọ olè yẹn kúrò. Othello fúnra rẹ̀ ló ti aṣọ náà dànù pé ó ti kéré jù, kò sì bẹ̀rẹ̀ mú un. Emilia ló ṣà á fún Iago, tí Iago fi sọ ọ́ di ẹ̀rí. Ẹ jẹ́ kí ó ṣubú níbi tí gbogbo èrò yóò ti rí i.

Ẹni tó bá ṣì ní "bí kì í bá ṣe Iago ni," kó rántí Ìtàn Ògìnìntìn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2012, nígbà tí ilé eré Globe ní London pe eré Shakespeare 37 jọ ní èdè 37, Renegade Theatre láti Èkó ló fi orúkọ yẹn gbé The Winter's Tale lọ ní èdè Yorùbá. Wole Oguntokun, tó di olóògbé ní 2024, ló darí rẹ̀. Ó sọ ọba òjòwú náà di Ṣàngó, ayaba di Ọya, ọ̀rẹ́ ọba di Ògún. Àwa tí a mọ̀ pé Ọya ti gbé ọ̀dọ̀ Ògún rí mọ ibi tí egbò àtijọ́ wà. Síbẹ̀, nínú eré Shakespeare yẹn, olófòófó kankan kò wá bá ọba. Òun fúnra rẹ̀ ló fọkàn ara rẹ̀ ṣe Iago. Àwọn ìjòyè rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, òrìṣà sọ̀rọ̀ pé ayaba kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ọba ní irọ́ ni.

Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́. Wọ́n ní káṣúà kan ń kó ọjà jáde. Súpáfáísọ̀ gbọ́, mànéjà gbọ́, wọ́n gba káàdì lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Kò ní ìwé ìgbaniṣíṣẹ́ tó lè fi jà, kò sì sẹ́ni tó pè é jókòó pé, "Wọ́n sọ báyìí nípa rẹ, kí lo rí sí i?" Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn àgbà kò fi ẹni tí wọ́n tàn jẹ sílẹ̀ nínú òwe yẹn, mo sì gbà pé wọ́n tọ̀nà. Ìyà tó jẹ ẹni tí a kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kò dín kù nítorí pé inú ẹni tó dájọ́ dára.

Ẹnìkan lè sọ pé Othello ṣáà padà béèrè. Ó béèrè áńkáṣíìfù, ṣùgbọ́n ó ti dẹ́rù ba obìnrin náà débi tó fi ní kò sọnù. Ó béèrè lọ́wọ́ Emilia. Emilia búra pé ọwọ́ Desdemona mọ́, Othello kò sì gbà á gbọ́, torí ó ti dájọ́ tán. Apá karùn-ún ló tó béèrè bó ti yẹ, nígbà tí òkú aya rẹ̀ ti wà lórí ibùsùn. Ó bi Cassio bí áńkáṣíìfù náà ṣe dọ́wọ́ rẹ̀. Cassio ní yàrá òun lòun ti rí i, pé Iago sì ti jẹ́wọ́ pé òun ló jù ú síbẹ̀. Ìbéèrè náà kò tó ìlà méjì. Kí òṣèré má sunkún sí i o. Kó béèrè rẹ̀ ketekete, bí ìgbà téèyàn ń béèrè ọ̀nà, kí gbogbo ilé lè gbọ́ bó ṣe rọrùn tó láti sọ.