Ọlọ́run Ni Ọba Àwọn Ọba: Ṣé Kí Àwa Wá Káwọ́ Lẹ́rán?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu wa, pàápàá àwa Kristẹni inú ẹgbẹ́ yìí. Bí epo bẹntiróòlù bá wọ́n, a ó ní Ọlọ́run ń bẹ lórí ìtẹ́. Bí ìjọba bá ṣe ohun tí kò tẹ́ wa lọ́rùn, a ó tún sọ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, a kò sì ní kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a ń sọ láìrò máa ń di àṣà ẹnu lásán. Bí Ọlọ́run bá jẹ́ olórí gbogbo aláṣẹ, ṣé gbogbo ohun tí aláṣẹ bá ṣe ni Ọlọ́run fọwọ́ sí? Kí sì ni iṣẹ́ tiwa níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí bàtà ti ta wá lẹ́sẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993, Nàìjíríà dìbò láti yan ààrẹ. Ní Kánò níbí, ní ìpínlẹ̀ Alhaji Bashir Tofa gan-an, Olóyè M. K. O. Abíọ́lá ló borí. Ohun ńlá ni èyí jẹ́ fún àwa tí à ń gbé nílẹ̀ yìí: aládùúgbò wa tí kò gbọ́ èdè wa fi ìbò rẹ̀ gbé ọmọ wa ga. Nígbà tó di ọjọ́ 23 oṣù náà, ìjọba ológun Ọ̀gágun Babangida fagi lé ìdìbò náà. Ẹ̀rù ogun dé. Ọ̀pọ̀ èèyàn palẹ̀ ẹrù mọ́, wọ́n forí lé ilé.

Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, Ọ̀gágun Abacha gbàjọba. Wọ́n ti Abíọ́lá mọ́lé ní 1994. Wọ́n yìnbọn pa Kúdírátù ìyàwó rẹ̀ ní Èkó ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1996. Ní àkókò yẹn, àwọn kan nínú wa ń gbàdúrà kí Ọlọ́run yí ọkàn aláṣẹ padà. Àwọn mìíràn kò fi bò rárá pé ikú rẹ̀ ni àwọn ń tọrọ. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 1998, Abacha kú lójijì. A ní Ọlọ́run ti dáhùn. Oṣù kan kò tíì pé, ní ọjọ́ 7 oṣù keje, Abíọ́lá náà kú sí àtìmọ́lé. A kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Bí ikú ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ ìdáhùn àdúrà, kí ni kí a pe ti èkejì?

Ìbéèrè yìí kò yẹ kí a fi pamọ́. Bí ó bá jẹ́ pé nínú ohun tó dùn mọ́ wa nìkan ni a ti ń rí ọwọ́ Ọlọ́run, kì í ṣe Ọlọ́run ni a gbẹ́kẹ̀ lé. Ìfẹ́ inú ara wa ni. Ìgbẹ́kẹ̀lé kò fún wa ní agbára láti túmọ̀ ikú ẹnikẹ́ni. Ohun tó fi yé wa ni pé kò sí aláṣẹ tí yóò wà títí. Àwọn baba wa náà mọ̀ ọ́n, wọ́n ní ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Jésù níwájú Pílátù. Nígbà tí Pílátù ń fi àṣẹ halẹ̀ mọ́ ọn, Jésù jẹ́ kó mọ̀ pé láti òkè ni a ti fi àṣẹ náà fún un. Ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀. Ó fi kún un pé ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó fa òun lé Pílátù lọ́wọ́ pọ̀ jù. Bí ti ẹnì kan bá pọ̀ jù, a jẹ́ pé Pílátù náà ní tirẹ̀. Àṣẹ lè ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá, kí ọwọ́ tó ń lò ó má mọ́. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ mọ̀ pé ọmọ ọjà tí a fún ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lè fi kó ọjà ọ̀gá rẹ̀ lọ. Ọ̀gá ló fún un ní kọ́kọ́rọ́, ọ̀gá kọ́ ló rán an ní olè. Àwọn tó ń fi ìwé Róòmù orí 13 pa mẹ̀kúnnù lẹ́nu mọ́ ń gbàgbé pé ìránṣẹ́ ni orí náà pe aláṣẹ. A sì máa ń bi ìránṣẹ́ léèrè iṣẹ́ tí a rán an.

Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ jáde lẹ́wọ̀n ní oṣù kẹfà ọdún 1998. Nígbà tó di ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1999, ó di ààrẹ. Ọ̀pọ̀ Kristẹni fi í wé Jósẹ́fù. Síbẹ̀, ní oṣù karùn-ún ọdún 2006, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà kọ àtúnṣe òfin tí ìbá fàyè gba sáà kẹta. A kò lérò pé wọ́n ṣẹ Ọlọ́run. Ẹni tí Ọlọ́run gbé ga, òfin ṣì ju ú lọ.

Kí wá ni iṣẹ́ tiwa? Nígbà tí wọ́n kó àwọn Júù lọ sí Bábílónì, Jeremáyà kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n dáko, kí wọ́n sì máa wá ire ìlú tí wọ́n bá ara wọn. Àwa kò dé Kánò bí ẹrú. Rélùwéè àti òwò ló gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa wá. Ẹ jẹ́ kí a gba káàdì ìdìbò, kí a má tà á. Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà fún aláṣẹ, kí a má bọ wọ́n. Bí wọ́n bá ṣe rere, kí a yìn wọ́n. Bí wọ́n bá rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, ìbáà jẹ́ Haúsá tàbí Ígbò, kí a sọ òtítọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Àwọn arákùnrin wa Mùsùlùmí inú ẹgbẹ́ yìí náà gbà pé Ọlọ́run ló ni àṣẹ, nítorí náà a lè jọ ṣe é.

Ní 2018, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ni yóò máa jẹ́ Ọjọ́ Ìjọba Tiwa-n-tiwa. Ó gba ọdún 25, àwọn tí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú ló sì jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbà pé Ọlọ́run ń jọba kò ní ìdí láti bẹ̀rù èèyàn. Ẹni tí kò bẹ̀rù èèyàn kò ní ìdí láti káwọ́ lẹ́rán.

Kí Ọlọ́run tún Kánò ṣe, kó tún ilé wa ṣe, kó sì jẹ́ kí ọdún yí po fún wa láyọ̀. Àmín.