Ṣírò Kí O Tó Kọ́lé
Ẹ ka: Lúùkù 14:28-30

Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ rò pé ẹni tó bá ń ṣírò kò ní ìgbàgbọ́. "Ọlọ́run á ṣe é" ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ilé. Ṣùgbọ́n nínú ibi tí a kà lónìí, Jésù fi hàn pé ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó ṣírò ìnáwó rẹ̀. Olùfẹ́, ohun tí ìwọ ń pè ní ìgbàgbọ́, ṣé kì í ṣe ìmẹ́lẹ́?

Wo ilé kékeré kan ní Agbára. Ilẹ̀ rẹ̀ gùn ní mítà 10, ó fẹ̀ ní mítà 8, kọnkéré tí a ó dà sí i sì nípọn ní sẹ̀ńtímítà 15. Kúbíìkì mítà 12 nìyẹn. Bí bíríkìlà bá ń po sìmẹ́ǹtì 1, yanrìn 2 àti òkúta 4, ẹni tó kánjú á pín 12 sí ọ̀nà 7, á mú ọ̀nà 4, á ní òkúta kúbíìkì mítà 7 ti tó. Kò tó! Yanrìn máa ń wọ àlàfo àárín òkúta, sìmẹ́ǹtì a sì wọ àárín yanrìn, nítorí náà ohun tí a pò kì í pọ̀ tó ohun tí a kó jọ. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń fi bí ìdajì kún 12 kí wọ́n tó pín in. Òkúta á wá jẹ́ bíi kúbíìkì mítà 10 àti ààbọ̀, èyí tó tó tọ́ọ̀nù 16 tàbí 17.

Agbára kò ní àpáta gíránáìtì bí Abẹ́òkúta. Típà ló ń gbé òkúta wá láti ọ̀nà jíjìn. Bí òkúta bá tán lọ́sàn-án, tí sìmẹ́ǹtì ti ń gan, kí ni wọn yóò fi dípò? Yanrìn àti omi ni. Bí wọ́n bá rẹ́ ilé náà tán, ojú kò ní rí i mọ́, ṣùgbọ́n ilé mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Ìkòyí, ó sì pa èèyàn tó lé ní 40. Ohun yòówù kó fà á, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kú jẹ́ òṣìṣẹ́ tí kò lọ́wọ́ sí ìpinnu kankan. Ẹni tó ń ṣírò ilé, ẹ̀mí ẹlòmíràn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹnì kan ń kọ iye kékeré kí iṣẹ́ má baà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn mọ̀ pé tọ́ọ̀nù 18 ti tó, ó kọ 30 ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lókè òkun. Ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì: irọ́ ni wọ́n ṣírò.

Bí owó rẹ kò bá tó ńkọ́? Dín ilé náà kù, tàbí kí o dúró díẹ̀. Má ṣe dín agbára kọnkéré kù. Ìgbàgbọ́ kì í sá fún iye. Ó máa ń mọ iye tó kù kó tó tọrọ rẹ̀.

Ohun ṣíṣe: Kí típà tó da òkúta, wọn gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ fúnra rẹ.

Àdúrà: Olúwa, jẹ́ kí iye tí mo bá kọ sílẹ̀ jẹ́ òtítọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kú nítorí ìṣírò mi. Àmín.