Ọ̀lẹ Ha Ni Bí, Tàbí Aláìsàn?

Bí obìnrin kan bá ń wọ́ ẹsẹ̀ ní Post Office n'Ílọrin, tí òtútù ń mú un nínú oòrùn, ó ha tọ́ kí a pè é ní ọ̀lẹ? Bí omi tí thyroid iwájú ọrùn ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ bá dínkù, ara a falẹ̀, oríkèé a sì máa ro ni. Oògùn ìrora kì í wo ìdí èyí. Àlòjù rẹ̀ a sì máa ba kíndìnrín jẹ́. Ní 1891, George Murray, oníṣègùn Gẹ̀ẹ́sì, fi oje thyroid àgùntàn tọ́jú obìnrin kan. Ó sì tún lo ọdún 28 láyé. Ọ̀lẹ ń bẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí oògùn gbé dìde, àìsàn ni ó dá a wólẹ̀. Kí a tó dá ni lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.